"Òyìnbó" àti "Ìbílẹ̀": Àríwísí Lórí Èdè Wa

Bí ará Ọ̀tọ̀ kan bá wí lónìí pé òun ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè irú dókítà tí í ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ ewé mọ egbò ni ó ń lọ, dandan ni kí ó pe ẹni náà ní oníṣègùn ìbílẹ̀. Aṣọ pẹ̀lú rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó wọ kóòtù, aṣọ ni ó wọ̀, ẹni tí ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, "nétíìfù" ni a ń pe tirẹ̀, ní ìlú tí a gbé bí baba rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ni ó dé tí ohun àlejò kò fi ní orúkọ àfikún, tí ohun onílé sì ní in?

Yorùbá àtijọ́ kò sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn baba wa rí èso tuntun, wọ́n pè é ní ọ̀pẹ òyìnbó, nítorí pé ọ̀pẹ tiwọn ni ọ̀pẹ lójú wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú padà dé láti Sàró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n wọ kóòtù, tí wọ́n sì mọ̀wé, "òyìnbó dúdú" ni a pè wọ́n. Ojú àwọn àgbà mú. Wọ́n ti rí i pé ipò ni òyìnbó í ṣe ju àwọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ipò náà ní olùṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba kan sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni a ó gbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà dúdú wà ní Èkó nígbà náà. Obadiah Johnson, tí ó gboyè ní Edinburgh, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1934, nígbà tí a ṣí Yaba Higher College, tí kò jìnnà sí Ọ̀tọ̀, a kò kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwé ẹ̀rí tí kì í ṣe oyè yunifásítì ni a kàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé náà, èyí tí ó sọ wọ́n di olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ta ni ọ̀gá náà? Ìwé kò sọ. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó gbọ́ ohun tí ìwé kò sọ, wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Lójú tiwa, ìdákẹ́jẹ́ 1934 burú ju ọ̀rọ̀ 1902 lọ, nítorí òfin tí a kọ sílẹ̀ ni a lè nàka sí.

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé nítorí pé ó dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti London. Ariwo ta, ìjọba sì pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin. Iṣẹ́ tí à ń pè ní ti òyìnbó wá di iṣẹ́ àgbà. Àdúgbò òyìnbó di GRA. Wọ́n pa orúkọ àwọ̀ rẹ́, wọ́n fi òṣùwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀: ilé ńlá láàárín ọgbà, ìsinmi gígùn, owó oṣù tí a wọ̀n fún ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lókè òkun. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bọ́ sí ipò náà, òṣùwọ̀n yẹn ni wọ́n jogún.

A kò ní kí a sọ "ìbílẹ̀" nù; ọ̀rọ̀ dáradára ni. Ẹnìkan sì lè wí pé òmìnira 1960 ti parí gbogbo èyí. Kí ó lọ wo ẹ̀yìn àwọn ilé ńlá ní Ìkòyí, yóò rí àwọn yàrá tí a kọ́ fún ìránṣẹ́, tí a pè ní boys' quarters, nítorí pé "boy" ni òyìnbó ń pe ìránṣẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe baba ọlọ́mọ mẹ́fà. Àwọn onílé ti di ènìyàn dúdú, a sì ń kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé tuntun ní Yaba àti Súrùlérè. Akọ̀wé tí ó ní aya àti ọmọ ń sanwó láti gbé inú rẹ̀. BQ ni òun náà ń pè é fún àlejò rẹ̀.