Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yí Padà Láìpààrọ̀ Aṣọ: Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Nínú Èdè Wélsì

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ni ó máa ń ṣi olùtumọ̀ lọ́nà nígbà tí ó bá ń gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wọ inú èdè Wélsì. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí rí yóò mú un lọ sí ìdí ìwé atúmọ̀ èdè, níbẹ̀ ni yóò sì ti rí ojútùú. Èyí tí ó léwu ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́, tí ó sì ti yí ìtumọ̀ padà láìpààrọ̀ aṣọ.

Irú rẹ̀ ni 'prevent'. Ìdíwọ́ ni ó ń tọ́ka sí lónìí. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, níbi tí Pọ́ọ̀lù gbé ń kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà nípa àwọn tí ó ti kú, láti ṣáájú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lo ìtumọ̀ òde òní níbẹ̀ yóò wí pé àwọn alààyè kì yóò dí àwọn òkú lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ mìíràn pátápátá sì ni èyí. Bíbélì Wélsì kò jìn sí ọ̀fìn náà: 'rhagflaenu', láti lọ ṣáájú, ni ó lò. Kò yani lẹ́nu, nítorí láti inú Hébérù àti Gíríìkì ni William Morgan ti túmọ̀ Bíbélì rẹ̀ tí ó jáde ní 1588, àtúnṣe ti 1620 kò sì kọ orísun wọ̀nyí sílẹ̀. Nítorí náà ẹlẹ́rìí rere ni Bíbélì yìí jẹ́ fún ẹni tí ń túmọ̀ ìwé mìíràn ti ìgbà náà.

Síbẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò ṣe é gbà láìwádìí. Nínú eré Hamlet, nígbà tí ayaba ń bá ọmọ rẹ̀ wí nínú ìyẹ̀wù, ó pe ahọ́n rẹ̀ ní 'idle'. Kò wí pé ahọ́n náà ya ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni ó ń bá a wí sí. Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Wélsì ní: 'segur', ti ẹni tí kò ṣiṣẹ́, àti 'ofer', ti ohun asán. Bí olùtumọ̀ bá ṣí Mátíù orí kejìlá, 'segur' ni yóò bá níbẹ̀, nítorí pé aláìṣiṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀. Ohun tí ó bá Gíríìkì mu kò di dandan kí ó bá ayaba mu. 'Ofer' ni ó sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù. (Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kọ 'ọ̀rọ̀ wèrè' síbẹ̀, wọ́n sì ṣe é re.)

Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, tí ó parí ní 1928, àti Geiriadur Prifysgol Cymru, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1950 tí ó sì parí ní 2002, lè yanjú irú àríyànjiyàn báyìí, nítorí wọ́n ń fi ọdún sí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ìran eré kan náà, ohun kan wà tí kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí yóò tú u. 'Thou' ni ayaba kọ́kọ́ pe Hamlet. 'You' ni ọmọ fi dáhùn. Lójú ẹsẹ̀, ìyá náà fi 'thou' sílẹ̀, òun pẹ̀lú bọ́ sí 'you'. Etí Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju èdè àdúrà lọ. Ti Wélsì gbọ́ ọ, nítorí 'ti' àti 'chwi' ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Yorùbá tí ó mọ 'ìwọ' àti 'ẹ̀yin' kò nílò àlàyé: ọmọ tí ó ki ìyá rẹ̀ ní 'ẹ̀yin' kò ṣe ju ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ṣàdédé pe ọmọ tí ó bí ní 'ẹ̀yin', gbogbo ilé ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Olùtumọ̀ tí ó bá fi 'ti' kárí nítorí pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n ti pa ìjà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé ọmọ náà fẹ́ pa òun, 'thou' ni ayaba tún ké. Ibẹ̀ ni 'ti' gbọ́dọ̀ padà dé.