Ta Ni Òǹkà Kò Kà? Àgbéyẹ̀wò Ètò EWARS ní Maiduguri

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a gbé EWARS yẹ̀ wò, ìyẹn ètò ìkìlọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé wọ ìpínlẹ̀ Borno ní 2016. Òṣìṣẹ́ ìlera á tẹ iye aláìsàn sórí fóònù. Bí iye náà bá kọjá ààlà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ké gbàjarè. Èyí wúlò púpọ̀, nítorí onígbáméjì, irú èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó Muna Garage ní 2017, lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ilé ìwòsàn nìkan ló ń wọ òǹkà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru mú ní Post Office, láàárín ìlú, tó ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́míìsì tó sì gbalé lọ, kò sí níbẹ̀. Bákan náà, bí òṣìṣẹ́ kò bá gbọ́ èdè Kànúrí tí aláìsàn ń sọ, ó lè kọ àìsàn mìíràn sílẹ̀. Àgbọ́ìgbọ́tán ẹnìkan á wá di òǹkà gbogbo ìlú.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ kọ́ wọn láti bi gbogbo òǹkà léèrè: ta ni wọn kò kà, èdè wo ni wọ́n sì fi bèèrè?