Aró Agbe, Osùn Àlùkò, Ẹfun Lékeléke

Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní Ìtòrí, ìyàwó kúnlẹ̀, alága gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi ẹyẹ mẹ́ta súre fún un: agbe tó ni aró, àlùkò tó ni osùn, lékeléke tó ni ẹfun. Àmín wa gba gbogbo àgọ́ kan. Nígbà tí a jẹun tán, mo bi àwọn ọmọ tó jókòó tì mí bóyá wọ́n ti rí agbe rí. Wọn ò rí i rí. Àlùkò ńkọ́? Ọ̀kan ní òun rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé. Mo wá dárúkọ lékeléke, gbogbo wọn sì nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí pápá ẹ̀yìn ilé, níbi tí màlúù ti ń jẹko.

Láti ọjọ́ náà ni ìwúre yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ó ti mọ́ wa létí débi pé a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn, wọ́n máa ń tọ́ka sí i bí àpẹẹrẹ àwítúnwí, wọ́n á sì kọjá lọ. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ẹni tó wo ẹyẹ ni, ẹni tó wò ó pẹ́, tó wò ó lórí ìdúró, tó tún wò ó nígbà tó ń fò. Ẹ̀rí ohun tí mo sọ yìí wà lára àwọn ẹyẹ náà fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi etí gbọ́ ọ ná. Aró, osùn, ẹfun: ọ̀rọ̀ onísílébù méjì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn àárín ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìparí ni wọ́n ti pínyà: aró gòkè, osùn wálẹ̀, ẹfun dúró sí àárín. Ohùn mẹ́ta tí èdè Yorùbá ní ló pé síbẹ̀ yẹn. Orúkọ àwọn ẹyẹ náà tún ń ṣe tiwọn. Agbe wà ní àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlùkò wà nísàlẹ̀ pátápátá, lékeléke sì ń gòkè, ó ń bọ̀ sí àárín, ó tún ń gòkè, bí ìgbà tí ẹyẹ bá ń ju apá. N kò sọ pé ẹnì kan jókòó ṣírò rẹ̀. Etí tó mọ ìlù ló ṣà á. Bí a bá fi odídẹrẹ́ rọ́pò àlùkò nítorí ìrù pupa rẹ̀, ìtumọ̀ lè dúró, àmọ́ orin inú rẹ̀ á fọ́.

Ó wá ku ojú. Agbe ni ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corythaeola cristata, òun ló sì tóbi jù nínú ìdílé tirẹ̀. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 láti ẹnu dé ìrù. Ìyẹ́ dúdú dúró ṣùṣù lórí rẹ̀ bí irun onídìrí tí kò tíì parí iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní ṣóńṣó, ó sì dà bí òdòdó olóyin níbi tó kù. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n fò. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe ìrìn: á sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́, á gun igi dé téńté, á wá fi ara sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbé e dé orí igi kejì, níbi tí yóò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹni bá rí i nígbà tí oòrùn bá ara rẹ̀, aró ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Síbẹ̀, kò sí ẹ̀kán aró kan nínú ìyẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe to inú ìyẹ́ náà, tóóró tóóró tí ojú lásán kò lè rí, ni ìmọ́lẹ̀ fi ń ta jáde níbẹ̀ ní àwọ̀ aró. Bí a bá lọ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ kúnná, aró náà á pòórá. Ohun tí agbe ní kò ṣeé fọ̀ kúrò lára rẹ̀, kò sì ṣeé bù fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àlùkò ló yà mí lẹ́nu jù. Bó bá bà sórí ẹ̀ka, tó pa apá dé, ó dúdú, ó ń dán, ó dà bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò. Ẹni tí kò bá rí i ju báyìí lọ yóò pè é ní aláró, yóò sì ṣe àṣìṣe. Pupa tó wà ní àtàrí rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìgbà tó bá na apá láti fò ni pupa tòótọ́ yóò bọ́ síta lójijì, pupa tó jinlẹ̀ bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lórí ọlọ. Bó bá tún bà, pupa náà á wọlé. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé àlùkò ló ni osùn kò wò ó fìrí. Ó dúró dè é títí tó fi gbéra.

Osùn ọ̀hún sì tún ju àfiwé lọ. Ní 1869, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Church, ṣàlàyé pé pupa apá àlùkò àti àwọn ìbátan rẹ̀ jẹ́ aró gidi, pé bàbà wà nínú rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní turacin. Bàbà tí a fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ náà ni mò ń sọ. Inú ohun tí ẹyẹ ń jẹ ló ti ń kó o jọ. Turacin yìí kì í jáde nínú omi lásán, àmọ́ ó ń yọ́ nínú omi eérú. Àwọn aláró Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta mọ omi eérú dáadáa: òun ni wọ́n sẹ́ láti ayébáyé kí èlú lè di aró, kí kọ́sítíìkì tó dé ọjà. Bí ìyẹ́ apá àlùkò bá bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀, omi náà á pọ́n. Nínú ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlùkò nìkan ló ní ohun tí aláró lè pè ní aró lẹ́nu iṣẹ́, òun náà sì ni ìwúre fún ní osùn, èyí tí à ń lọ̀, tí à ń pò, tí à ń fi para. N kò mọ ibi tí ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ti sún mọ́ ìdí nǹkan báyìí rí.

Àbí ẹ rò pé lékeléke rọrùn, pé funfun ni funfun ń jẹ́? Ẹfun yàtọ̀ sí funfun. Àtíkè ni ẹfun, ohun tí ń kù sí ìka ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Lékeléke àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń rìn létí odò ní irú ìyẹ́ kan láyà tí ń rún di àtíkè fúnra rẹ̀. Ẹyẹ náà á fi ẹnu bù ú, á fi pa gbogbo ara, kí omi àti ọ̀rá má baà ba ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó tún ní èékánná kan ní ìka àárín ẹsẹ̀ tó ní eyín bí òòyà, èyí tó fi ń ya ara rẹ̀. Inú ara rẹ̀ ni ẹfun rẹ̀ ti ń wá, ojoojúmọ́ ló sì ń fi kun ara. Àwọn ọmọdé tó ń ju ìka sí i lójú ọ̀run, pé kó fún àwọn ní funfun sí èékánná, mọ ibi tí wọ́n ti ń tọrọ.

Ìwà rẹ̀ lẹ́yìn màlúù náà yẹ ní wíwò. Kì í ṣe kòkòrò ara màlúù nìkan ló ń wá, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù ló máa ń dúró sí, nítorí pé tata àti ọ̀pọ̀lọ́ kékeré máa ń ta jáde bí màlúù bá ṣe ń tẹ koríko. Ìṣísẹ̀ díẹ̀, oúnjẹ púpọ̀. Ọgbọ́n yìí ló gbé e la òkun Àtìláńtíìkì já dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, láìsí ẹni tó gbé e. Nígbà tó fi di 1953, ó ti ń pamọ ní Flọ́rídà. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti gé igbó, tó da màlúù síbẹ̀, lékeléke á bá a débẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wa lórí ẹyẹ ló ṣe déédéé báyìí. Òwe òrofó, ẹni tó bí ọmọ mẹ́fà tó fi ẹnu ara rẹ̀ pòkìkí ilé tó kún, ń kọ́ni ní ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n ẹyin kan tàbí méjì ni òrofó ń yé. Òwe nílò ilé tó kún, ó sì fi ẹyin kún un. Ẹ̀gà ni mo tilẹ̀ káàánú jù. Bí a bá fẹ́ bá aláriwo wí, ẹ̀gà la ó dárúkọ, a ò sì rántí pé ahunṣọ ni. Akọ ni ń hun ilé: á ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, á ta á ní òrùka lára ẹ̀ka, á dúró sínú òrùka náà hun iyàrá yí ara rẹ̀ ká. Bó bá parí, á so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé, á doríkodò, á máa gbọn apá pẹ̀lú ariwo kí abo lè wá wò ó. Bí abo kò bá gbà á, tí ilé náà sì gbẹ, á tú u palẹ̀, á tún un hun. Ariwo tí à ń fi bú u, ìpolówó ọjà ọwọ́ rẹ̀ ni. Mélòó nínú wa ló ti dúró lábẹ́ ọ̀pẹ wo ìyẹn dópin?

Ibi tí mo ti wá ń tako ìwúre náà fúnra rẹ̀ nìyí. Ó ń ṣèlérí pé ẹni tó ni nǹkan kò ní wá a tì. Ní agbègbè Ewékorò, níbi tí Ìtòrí wà, ìlérí náà kò dúró fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Agbe ń fẹ́ igi gíga tó fara kanra. Àlùkò ń fẹ́ igbó etí odò. Ọ̀pọ̀tọ́ àti irú èso bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Oko, títì àti ibi ìwakùsà ló pọ̀ jù láàárín Papalantó sí Ìtòrí lónìí. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbí, láti ara òkúta tí ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun wà nínú rẹ̀, nítorí pé òkun ló bo ilẹ̀ yìí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn. Òkúta yìí àti ẹfun tí a fi ń kun ara yàtọ̀ síra, àmọ́ ojú wọn jọra. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá léraléra, ewé etí ọ̀nà máa ń funfun bí ẹni pé lékeléke ló gbọn ara lé e lórí. Aró ti lọ, osùn ti lọ, ẹfun ló kù. Ó dùn mí pé a ṣì ń fi ẹnu pín ogún mẹ́ta fún ọmọ tí ọ̀kan ṣoṣo ló lè rí.

Ọ̀kan ṣoṣo náà ṣì ní ohun tí ìwúre kò mẹ́nu bà. Ní nǹkan bí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, tí lékeléke sì ń múra àtilọ sí òkè níbi tí yóò ti pamọ, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń yọ ní orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà Papalantó, mò ń wo irú wọn mẹ́rin láàárín màlúù. Ọmọkùnrin kan tó ń kọjá ní erùpẹ̀ ló yí wọn lára. Ìyá àgbà tó ń sun àgbàdo níbẹ̀ ní irọ́ ni, kì í ṣe erùpẹ̀. Ó ní osùn ni wọ́n fi pa á lórí, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn bó bá fẹ́ relé ọkọ.