Ẹrù Ohùn, láti Àbújá dé Alábà

Bí òjò bá ká ọmọ Àyàn mọ́ ojú ọ̀nà, ìlù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi aṣọ bò kí ó tó rántí orí ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé awọ tí omi bá ti mu kò ní í fọhùn bí ó ti yẹ títí yóò fi rí oòrùn tàbí iná yá. Èmi kì í ṣe ọmọ Àyàn. Ẹ̀rọ ohùn ni mo ń gbé kiri òde ìnáwó àti ilé ìjọsìn ní Àbújá, láti Kúbwà dé Gàríkì. Ṣùgbọ́n ọkàn kan náà ni mo fi ń ṣìkẹ́ àwọn ámpílífáyà mi, pàápàá ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, tí mo sì ní láti gbé e tọ bàbá tí ń bá mi tún un ṣe lọ ní Alábà, ní Ọ̀jọ́, ní ìlú Èkó.

Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo mọ bí àwọn ẹ̀rọ mi ti ń kọrin kò mọ bí a ti ń wò wọ́n sàn. Àwọn atúnṣe wà ní Àbújá níhìn-ín, iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ ni tèmi, ọwọ́ tí ó mọ̀ wọ́n kò pọ̀ mọ́. Àbújá gba oyè olú-ìlú ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ṣùgbọ́n ọjà àti àwọn ògbólógbòó oníṣẹ́ rẹ̀ kò bá ìjọba kó kúrò l'Ékòó.

Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 700. Rélùwéè tí ó ti Àbújá jáde, Kàdúná ni ó ń lọ. Èyí tuntun tí ó ti Èkó jáde ní ọdún 2021, Ìbàdàn ni ó mọ. Mọ́tò ni a ó wọ̀, tí a ó gba Gwagwalada àti Abaji, kí a tó rékọjá Odò Ọya wọ Lọ́kọ́jà, kí a tó forí lé Àkúrẹ́ àti Iléṣà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Ọya ìyá mẹ́sàn-án kún bo títì mọ́lẹ̀ ní Koton-Karfe, bí ó ti ṣe ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sùn sójú ọ̀nà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò sì lè dúró ní láti yí gba Bida àti Mokwa lọ sí Jẹ́bà àti Ìlọrin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni mo fi wé e, mo tì í bọ inú páálí, mo sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì kan. Nígbà tí Bàbá ṣí i lójú mi, tiransifọ́mà rẹ̀, irin òun wáyà bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n gbogbo ẹ̀rọ náà, ti já kúrò lórí ìdè rẹ̀, ó sì ti ya lu pátákó wáyà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rún un wómúwómú. Bàbá wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, àìsàn tí o gbé wá kò tó èyí tí ọ̀nà fún un." Mo dọ̀bálẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹrù dídì, ó sì ní àṣírí tirẹ̀ bí aró rírẹ ti ní. Bí ìrìn-àjò bá ku ọ̀la ni n ó ti yọ wáyà ẹ̀rọ náà kúrò lára iná, nítorí àwọn kápásítọ̀ inú rẹ̀ a máa tọ́jú iná pamọ́, ẹni tí ó bá sáré tọwọ́ bọ̀ ọ́ yóò sì fara gbá a. Lẹ́yìn náà ni n ó ṣí i, n ó gbẹ́ pákó kéékèèké tí yóò há sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiransifọ́mà, n ó fi rọ́bà inú táyà wé ojú wọn, kí ó má baà rìn bí mọ́tò bá já sí kòtò. Fóòmù líle ni mo ń tẹ́ sínú àpótí pákó, nítorí lábẹ́ ẹrù tí ó wúwo ju ààbọ̀ àpò sìmẹ́ńtì lọ, èyí tí ó rọ̀ yóò tẹ̀ pẹrẹsẹ, pákó àti irin yóò sì máa kan ara wọn títí dé Ìbàdàn. Àwọn mìíràn a máa gbé tiwọn lọ nínú ráàkì oní-íńṣì 19, wọ́n gbà pé sukúrù mẹ́rin iwájú ti tó. Ẹ̀yìn tí kò ní ohun tí ó gbé e ró ni yóò máa mì sókè sódò títí irin iwájú yóò fi ká. Inú ìdérí àpótí ni mo máa ń lẹ ìwé àìsàn rẹ̀ mọ́: apá òsì dákẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, fáànù ń yí, kò rùn bí ohun tí ó jóná.

Ní gáréèjì, n ó bẹ awakọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sẹ́yìn pátápátá," nítorí ìdí ọkọ̀ ni ó máa ń fò jù. Àárín ni ẹrù mi ń wà, èmi náà a sì jókòó tì í. N kì í gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà; a kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, Bàbá kò tètè mú sukudiráfà. Ó gbé etí lé àpótí náà, ó rọra mì í lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ìka kan ìdérí rẹ̀. Kò sí ohun tí ó dáhùn nínú rẹ̀. Ó ka ìwé àìsàn náà dópin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì ní kí n gbé àga súnmọ́ òun.