Barolo: Ta Ló Jàre Nínú Ìjà Àgbá?

Bàbá kan wà ní ìlú Barolo, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì, Bartolo Mascarello ni orúkọ rẹ̀. Wáìnì ló ń ṣe, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sára lébẹ̀lì ìgò. Lórí ọ̀kan nínú wọn, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé "No Barrique, No Berlusconi". Gbogbo ayé ló mọ Berlusconi, olówó tó di olóṣèlú. Àmọ́ kí ni barrique, tí bàbá àgbàlagbà fi pa á pọ̀ mọ́ ẹni tí kò fẹ́ rí sójú?

Àgbá ni. Àgbá onígi kékeré, lítà 225. Kẹ́ ẹ tó lè mọ ìdí tí àgbá fi dìjà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe Barolo, ọ̀kan lára wáìnì pupa tó lórúkọ jù lọ ní Ítálì.

Èso àjàrà kan ṣoṣo ni òfin gbà láàyè nínú rẹ̀, ìyẹn Nebbiolo. Wọ́n á ká a ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, nígbà tí kùrukùru ń bo àwọn òkè Langhe. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á sì jẹ́ kí omi rẹ̀ àti èèpo rẹ̀ jọ máa hó pa pọ̀. Lọ́wọ́ àwọn àgbà, èèpo lè wà nínú omi yẹn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo ló ń fún ọtí ní àwọ̀, òun náà ló ń fún un ní tánínì, nǹkan tó máa ń fa ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ káṣú tí kò tíì pọ́n. Tánínì Nebbiolo pọ̀ gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú àgbá, kí afẹ́fẹ́ tó ń gba ara igi wọlé díẹ̀díẹ̀ lè mú kó rọ̀. Òfin ní kò gbọdọ̀ dọ́jà tí kò bá tíì pé oṣù 38, kí 18 nínú rẹ̀ sì jẹ́ inú igi. Èyí tí wọ́n ń pè ní Riserva á pé oṣù 62.

Àgbá tó tóbi tó mélòó? Òfin ò sọ. Ibẹ̀ gan-an nìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbá àwọn bàbá tóbi, ó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, wọ́n sì ń lò ó títí igi náà ò fi ní adùn kankan láti fún ọtí mọ́. Lọ́dún 1976, àgbẹ̀ kan láti La Morra, Elio Altare, lọ sí Burgundy ní ilẹ̀ Faransé. Ó rí àwọn tó ń ṣe wáìnì bíi tiẹ̀, tí wọ́n rí ṣe, tí wọ́n ń lo àgbá kékeré. Lọ́dún 1983, ó gbé ẹ̀rọ ayùn, irú èyí táwọn agégẹdú ń lò, ó sì gé àwọn àgbá bàbá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Bàbá yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Òun àtàwọn bíi Roberto Voerzio àti Chiara Boschis, tó jẹ́ obìnrin àárín wọn, ló wá di Barolo Boys. Orúkọ yìí náà ni Paolo Casalis àti Tiziano Gaia fún fíìmù tí wọ́n ṣe nípa wọn ní 2014. Nínú àkọlé fíìmù ọ̀hún, "revolution" ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá fà á.

Yàtọ̀ sí àgbá, àwọn ọmọ yìí tún ń gé lára ìdì àjàrà jù sílẹ̀ nígbà ooru, kí èyí tó kù lórí igi lè dára sí i. Inú bí àwọn bàbá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí, ẹ ka La malora tí Beppe Fenoglio kọ ní 1954, ìtàn ọmọ kan ní Langhe tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lóko olóko torí àìní. Ẹni tó ti inú irú ìyà bẹ́ẹ̀ jáde, tó wá rí ọmọ rẹ̀ tó ń gé èso dà sílẹ̀, ṣé ó máa pè é lọ́gbọ́n ni? Wèrè ló máa pè é. Ọmọ náà sì ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi oko sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Fiat ní Turin, tàbí nílé iṣẹ́ ṣokoléètì Ferrero ní Alba. Ebi kan náà ló ń lé àwọn méjèèjì, ọ̀nà tí kálukú gbà sá fún un ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn yìí bí ìjà ọ̀làjú àti ojú dúdú, ó ń rẹ́ bàbá jẹ.

Lórí ọ̀rọ̀ oko àti ìmọ́tótó, ọmọ ló jàre. Mi ò ní fi bò. Àgbá tó ti bu, tó ń rùn, ẹ má pe ìyẹn ní àṣà. Ìdọ̀tí ni.

Igi wá ńkọ́? Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tuntun. Omi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ pọn sí i, amọ̀ lẹ máa tọ́ wò nínú rẹ̀. Bí àgbá tuntun ṣe rí nìyẹn, bó bá sì ṣe kéré tó ni igi tó ń kan ọtí ṣe ń pọ̀ tó. Ó ń kó òórùn fànílà àti ti búrẹ́dì tí wọ́n yan lórí iná wọnú wáìnì. Nebbiolo ò wá ìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ò ki, bó bá sì ti ń dàgbà, etí rẹ̀ á máa pọ́n bíi bíríkì. Òórùn tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni ti òdòdó róòsì àti ọ̀dà, bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Bí fànílà bá gorí ẹ̀, róòsì sá lọ nìyẹn. Ó kù kí wọ́n ta á bíi wáìnì ibikíbi tó ń lo àgbá kan náà. Kí wá ni wọ́n ń pariwo ilẹ̀ Barolo sí? Níbí, bàbá ló jàre.

Àmọ́ lébẹ̀lì Mascarello náà lábùkù. Ó sọ ohun tí bàbá kọ̀, kò sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláṣà ṣe ń ṣe: "bá a ṣe ń ṣe é nìyí." Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wáìnì agbègbè yìí ṣì máa ń dùn bíi ṣúgà díẹ̀. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún ọ̀hún ni Barolo tí kò ní ṣúgà tó fìdí múlẹ̀. Àṣà náà lọ́jọ́ ìbí. Ohun tó yẹ kó gbà á là ni ohun tó ń ṣe lẹ́nu, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀.

Mascarello kú ní 2005. Ọmọbìnrin rẹ̀, Maria Teresa, gba iṣẹ́ náà, kò sì gbé barrique wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn onítuntun, ọ̀pọ̀ ti dín àgbá tuntun kù, àwọn míì ti padà sí àgbá ńlá, èyí tó mọ́. Àwọn aláṣà náà ti fọ yàrá wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ òwe yẹn ò sọ iye ìgbà tí wọ́n jà kí wọ́n tó dá a. Bàbá Altare kú ní 1985, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ayùn wọ yàrá rẹ̀. Kò dúró rí ọjọ́ tí àgbá ńlá padà níyì. Fíìmù tó bá fẹ́ pe èyí ní "revolution", kó ka tiẹ̀ náà mọ́ ọn.