Ọwọ́ Tí Kì í Kánjú

Lọ́kọ́ja ni tírélà àti táńkà tó ń ti Àbújá bọ̀ sí gúúsù ń gbà kọjá; ìró fèrè áńbúláǹsì kò ṣàjèjì sí àwa ará àdúgbò Otokiti níbẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tiwa ni ká sáré fa ẹni tó ṣèṣe jáde bí àpò gààrí. Ògbólógbòó nídìí ìtọ́jú pàjáwìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí òun náà má baà di ẹni tí wọ́n máa gbé. Yóò wá kúnlẹ̀ níhà orí onítọ̀hún, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di orí náà mú kí ọrùn má baà yí, yóò sì rọra bi í pé, “Kí lorúkọ yín?” Bó bá dáhùn geere, a jẹ́ pé èémí ń lọ, ọpọlọ sì ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kan, àyẹ̀wò méjì! Ó wú mi lórí gan-an.

Bí ọkàn bá dáwọ́ dúró ńkọ́? Wọ́n á máa tẹ àárín àyà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ń tánni lókun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ère oníke ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, léraléra, títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Ó wù mí kí àwọn ọlọ́kadà wa náà rí i kọ́, torí àwọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá.