Àjò Ò Dùn Kí Onílé Má Relé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fúnra wa. Bí wọ́n bá ní kí Shooting Stars ti Ìbàdàn fi pápá Adámásingbà sílẹ̀, kí wọ́n lọ gbá líìgì Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé owó wà níbẹ̀, ṣé a ó pàtẹ́wọ́ ni, àbí a ó pariwo olè?

Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àwọn ará Villarreal ní Sípéènì lọ́dún 2025 gan-an nìyẹn. Ìlú kékeré ni; gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 50,000. Bọ́ọ̀lù ló sọ wọ́n di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ni àwọn aláṣẹ líìgì bá ní kí wọ́n gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Barcelona, tó yẹ kó wáyé nílé wọn, lọ sí Miami ní Amẹ́ríkà!

Wọ́n ní ọjà ni. Èmi náà mọ̀ pé ọlọ́jà a máa wá oníbàárà kiri. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọjà tí wọ́n ń tà? Ìgbà 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Sípéènì: 19 nílé, 19 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òṣùwọ̀n tó dọ́gba nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá lọ bá Villarreal nílé ló ń fara da ariwo onílé. Barcelona nìkan ni ì bá bọ́ nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n èké kọ́ nìyẹn bí?

Ti Ítálì tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Milan sí Como kò ju bí Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kí àwọn méjèèjì wọ bàálù lọ pàdé ní Perth, ní Ọsirélíà, ní oṣù Kejì 2026! Wọ́n ní wọ́n fẹ́ lo pápá San Siro fún ayẹyẹ Olympics ìgbà òtútù. Ṣé kò sí pápá mìíràn ní gbogbo Ítálì ni?

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kàn yín? Ṣebí nílé ìwòran bọ́ọ̀lù l'Ékòó lẹ ti ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá gbé e wá síbí ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó wu èmi náà kí n fojú kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn onílé wà lára ohun tí à ń sanwó wò. Ẹ mú wọn kúrò, ó ku ọkùnrin méjìlélógún àti bọ́ọ̀lù kan. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wa, kí wọ́n wá gbá ti ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́ọ̀rẹ́. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀.

Inú mi dùn pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Sípéènì kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n dúró gbọnrangandan fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 lẹ́yìn tí rẹfirí fọn fèrè. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fagi lé ti Miami. Ní oṣù Kejìlá, ti Perth náà forí ṣánpọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jó o. Lọ́dún 2008, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kún 38 tiwọn, kí wọ́n máa gbá a lókè òkun. Ariwo pọ̀, wọ́n jáwọ́. Lọ́dún 2018, Sípéènì fẹ́ gbé Girona àti Barcelona lọ Miami. Kò bọ́ sí i. Wọ́n tún padà wá. Wọ́n á tún wá lọ́la, nítorí olówó kì í gbọ́ "rárá" lẹ́ẹ̀kan.

Bọ́ọ̀lù lè rìnrìn àjò. Líìgì ní tirẹ̀ ní ilé, ilé náà sì ní onílé.